Àwọn Áńgẹ́lì Tòkunbọ̀ Màmá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòròdú, oṣù Jánúárì ni Kérésì tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣì í sọ o. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wa ní Itamaga bá ń já ọ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí àwọn ọmọdé ti yin bánńgà tán, tí ìrẹsì ọdún ti di ìtàn, ìgbà yẹn gan-an ni màmá mi á so gèlè wọn le, wọ́n á ní kí n lọ mú báàgì Gánà wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. À ń lọ ra ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì tòkunbọ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ á máa fẹ́, ètè mi á ti bó, eruku á sì ti sọ ẹsẹ̀ mi di funfun kí a tó dé ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí ayé ìgbà náà, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn tó ń jẹ́ kí a fi fóònù wọn pe èèyàn máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì. Láyé ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wọlé ló níyì, ì báà ti gbó tán lọ́wọ́ òyìnbó. Ìkòkò tòkunbọ̀ ń bẹ, fìríìjì tòkunbọ̀ ń bẹ, pátá tòkunbọ̀ pàápàá ń bẹ, àwọn èèyàn sì ń rà á. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún wa nígbà kan pé eyín tòkunbọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó gbà pé òun rà á.

Ọwọ́ Bọ̀dá Wàsíù ni a ti ń ra tiwa. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni wọ́n ní, ní ọ̀nà Ìgbògbò, ẹrù sì kún ibẹ̀ débi pé ìta ni àwọn fúnra wọn ń jókòó sí. Ẹrù Kérésì wọn kì í sábà tètè dé láti orí omi. Bí ọdún bá ti wá kọjá, ẹnikẹ́ni ò wò ó mọ́, Bọ̀dá Wàsíù á da gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀rá ńlá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí wọ́n fẹ́ ráyè kó fáànù sí ṣọ́ọ̀bù kí ooru tó dé. Òórùn káńfọ̀ àti eruku àpótí àtijọ́ á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Màmá mi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi náà á bẹ̀rẹ̀, a ó máa ṣà. Igi Kérésì oníke ń bẹ níbẹ̀ tí ẹ̀ka rẹ̀ ti já, òrùlé ilé kékeré tí wọ́n fi òwú ṣe yìnyín lé lórí ń bẹ, àti bọ́ọ̀lù gíláàsì pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ wúrà, tí mo bá wò ó, mo máa ń rí imú mi tó ti fẹ̀ nínú rẹ̀.

Aránṣọ ni màmá mi, ojú wọn sì mú. Wọn kì í kàn mú nǹkan. Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù gíláàsì kan, wọ́n á fi itọ́ rin ìka, wọ́n á fi ra ìdí rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá bá ìka wọn wá, wọ́n á dá a padà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú ni, wọ́n á ní kí Bọ̀dá Wàsíù tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, kí a fi dán an wò, Bọ̀dá Wàsíù á sì máa ráhùn pé epo òun ń jó lórí ohun tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Màmá mi á tẹjú mọ́ iná náà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ní tèmi ni pé, "Ohun tí gbogbo ayé ń wá, owó ni wọ́n fi ń rà á. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò wá, ojú ni wọ́n fi ń rà á."

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ tí a bá délé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ ni mo fi ń fọ àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dà wọ́n sínú asẹ́ kí omi ro kúrò lára wọn, mo ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá mi tó ti gbó nù wọ́n, kí n tó fi ìwé ìròyìn wé wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa ṣeré tẹ́ńtẹ́n níta, èmi á máa fi ọṣẹ wẹ Kérésì. Bí mo bá fọ́ ọ̀kan, ẹ mọ ohun tó kàn: mo máa kúnlẹ̀ sójú ògiri, mo máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òógùn á máa ti imú mi kán sílẹ̀, àyàfi tí bàbá mi bá wọlé tí wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, a ó kó o sínú páálí bísíkíìtì ńlá, a ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màmá mi á wá ro ìkọ́kọrẹ́ fún wa, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́.

Ẹja Ẹ̀pẹ́ yẹn, ó ní ẹni tó ń fi í ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, tó ń yan ẹja, tó sì ń tà á ní Ọjà Olúwo. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ Mùsùlùmí ni bàbá mi. Ìyá wọn tètè kú, ẹ̀yìn Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dàgbà sí. Èéfín ẹja tí wọ́n fi rán bàbá mi nílé ìwé ti sọ ojú Ìyá Ẹ̀pẹ́ di pupa, kò sì funfun mọ́ títí wọ́n fi darúgbó. Bàbá mi kì í jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Bí a bá ti bu ọbẹ̀ tán, wọ́n á na ìka sí ẹja: "Ọwọ́ tó ń bọ́ wa nìyẹn o." Mo mọ gbogbo èyí. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí ẹ má baà sọ pé mo fi apá kan pamọ́.

Ọmọ Ìjọ ni màmá mi ní tiwọn. Kò sí ìjà ẹ̀sìn nínú ilé wa. A ń jẹ ẹran Iléyá, a ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wàhálà wà. Nítorí pé ọkọ wọn kò bá wọn dé iwájú pẹpẹ rí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni màmá mi ń jókòó sí, àwọn obìnrin ìjọ sì máa ń pè wọ́n ní Àlàjá, wọ́n á ní eré ni. Mo máa ń wo ojú màmá mi tí wọ́n bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dé ojú.

Ní Kérésì ọdún kan, Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, yà sílé wa láti jẹ ìrẹsì. Ilé ojú-kojú ni a ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ kékeré kan, ṣùgbọ́n pálọ̀ yẹn ń dán lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìjọ gbé ṣíbí dúró lágbede-méjì àwo àti ẹnu. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ògiri, wọ́n ní, "Ta ló ṣe èyí?" Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀, màmá mi ni yóò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésì, pé funfun nìkan ni kí wọ́n lò. Ọ̀sẹ̀ yẹn, màmá mi ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ ò lè mọ ohun tí mò ń wí àyàfi tí ẹ bá mọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ pe èèyàn wá síwájú nígbẹ̀yìn ni.

Ìdí nìyí tí Jánúárì tó tẹ̀ lé e fi yàtọ̀. Funfun nìkan la wá lọ. A tú òkìtì Bọ̀dá Wàsíù títí ẹ̀yìn fi ń ro wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni a sì ti rí àwọn áńgẹ́lì náà, nínú páálí tí ó ti rọ. Orí wọn jẹ́ amọ̀ dídán bí ife tíì, ọrùn àti ara wọn jẹ́ aṣọ lésì funfun, ìyẹ́ wọn sì jẹ́ ìyẹ́ gidi. Màmá mi yí ọ̀kan po, wọ́n wo abẹ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n wo ojú abẹ́rẹ́. "Ẹni tó rán èyí kò kánjú," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ kí wọ́n yin aránṣọ mìíràn rí, yálà kí ó tó di ọjọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Odindi ọdún ni wọ́n fi ń mú àwọn áńgẹ́lì náà jáde tí wọn ò bá ní iṣẹ́ oníbàárà lọ́wọ́, wọ́n á lọ̀ wọ́n, wọ́n á dí ibi tó bá ya, kí wọ́n tó dá wọn padà sínú páálí bísíkíìtì.

Dìsẹ́ńbà dé, Ìyá Ẹ̀pẹ́ náà sì dé. Àbíkẹ́yìn wọn fẹ́ ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ tí àwọn Mùsùlùmí fi ń yọ̀ pé ọmọ ti ka Kùránì parí. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, àwọn nǹkan tó ń dán tí mo rí níbí lọ́dún tó kọjá, òun ni mo bá wá. Ẹ bá mi kó o kí n fi ṣe ojú agbo lọ́ṣọ̀ọ́."

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni lọ́dún yìí. Èmi ni wọ́n gbójú lé."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ò bínú o. Wọ́n rẹ́rìn-ín ni, wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Àbúrò, o gbọ́ ohun tí ìyàwó wa ń wí? Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù."

Àwọn ìyàwó ilé méjì tó sìn wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí òun ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n pe màmá mi ní ẹrú lójú bàbá mi, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wá dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fa páálí bísíkíìtì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé àwọn ló fọ̀ ọ́. "Wòlímọ̀ bá ti parí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á dá a padà," ni wọ́n sọ fún màmá mi. Màmá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ wòlímọ̀ pé, gbogbo wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó ilé kì í jókòó nílé ọkọ lọ́jọ́ ìnáwó, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni màmá mi gbà lọ, níbi tí ìkòkò ìrẹsì wà lórí iná, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ èéfín sí wọn lójú. Èmi lọ wo iwájú ilé. Kí n má parọ́, ó dára. Wọ́n ti so àwọn áńgẹ́lì mọ́ òpó àti okùn agbo, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, orí mi sì wú, torí mo mọ ẹni tó ni wọ́n.

Àáfà tó máa darí ètò dé, wọ́n gbójú sókè. "Kí lèyí?"

"Màláíkà ni, Àáfà," ni ẹnìkan dáhùn.

Àáfà rẹ́rìn-ín músẹ́. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn ò pariwo. "Màláíkà kì í wọ ibi tí ère bá wà. Ẹ bá wa kó wọn wọlé."

Ìbá parí síbẹ̀. Ìbá jẹ́ pé wọ́n kó wọn wọlé, kì bá tí sí ohun tí mo fẹ́ máa sọ. Ṣùgbọ́n àlejò ti ń wọlé, Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò sì fẹ́ kí agbo wọn wà lásán. "Àáfà, bí a bá gé orí wọn ńkọ́?"

Àáfà ronú díẹ̀. "Bí kò bá ti lórí, kì í ṣe ère mọ́."

Kí màláíkà lè rí ọ̀nà wọlé, wọ́n gé orí màláíkà. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò pa lẹ́rìn-ín. Àkọ́bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ gun bẹ́ǹṣì pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé wọn bí ẹni ń gé ilá. Orí ń já bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, àwọn ọmọdé ń jà du ún.

Mo sáré tọ bàbá mi lọ níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Mo nawọ́ sí àwọn áńgẹ́lì náà. Bàbá mi wò ó. Wọ́n rí i dáadáa. Wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n ní, "Lọ bá màmá ẹ lẹ́yìnkùlé."

Mo lọ, mo sì sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n fi orógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n bọ́ síwájú ilé. Àwọn àgbà wà níjòókòó, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa orí lórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń kó o sínú ìṣẹ́po ìró wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ náà sì ń dá tọwọ́ wọn padà. Ìyá Ẹ̀pẹ́ tọ̀ wọ́n wá. "Ìyàwó, má bínú. A ó ra òmíràn fún ẹ."

"Ẹ ṣé, Ìyá wa," ni màmá mi dáhùn. Wọ́n padà sídìí iná. Ìrẹsì ti fẹ́ẹ̀ jóná nísàlẹ̀, ìyàwó àgbà ilé náà sì bá wọn wí pé wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ wòran.

Nílé, màmá mi rán orí àwọn áńgẹ́lì náà padà. Òwú funfun ni wọ́n lò, ojú abẹ́rẹ́ wọn kéré débi pé ẹ kò lè rí i. Wọ́n wá so rìbọ́ǹnì mọ́ ọrùn wọn láti fi bo ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. Àwọn kan nínú wọn gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ọrùn ń dùn, màmá mi sì rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n ní àwọn yẹn ń gbọ́ ìwàásù. Mo rò pé ó ti parí. Ọmọdé ni mí.

Ní Sátidé tó ṣáájú Kérésì, a kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a so wọ́n kọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. A ti fẹ́ máa gbálẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìjọ wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin kan. Ẹnìkan nínú wọn ní èèyàn ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ìjọ ò gbójú sókè wò ó rárá. "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti fi nǹkan wọ̀nyí ṣe wòlímọ̀?"

Màmá mi lè parọ́. Ì bá wù mí kí wọ́n parọ́. "Òótọ́ ni, mà."

"Àlàjá," ni Ìyá Ìjọ wí, wọn ò sì rẹ́rìn-ín sí i lọ́tẹ̀ yìí, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè wọ ilé Ọlọ́run."

Wọ́n ní kí a tú u. Wọ́n rán èèyàn sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra tuntun tó ń dán, tó ń rùn bí ọ̀rá. Kò sí ẹni tó gbójúgbóyà gun àkàbà láìsí ẹni tó dì í mú, màmá mi ló sì bá wọn di àkàbà náà mú títí wọ́n fi so ó tán. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni a jókòó sí lọ́jọ́ Kérésì.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ṣebí a ní a ó ra òmíràn?" Wọn ò rà á. Wọn ò rà á títí wọ́n fi kú. Èèyàn rere ni bàbá mi, gbogbo àdúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú wọn, èmi náà sì sọ ọ́. Mo bínú sí wọn nígbà náà, mo ṣì ń bínú sí wọn.

Jánúárì tún dé. Mo jí, mo bọ́jú, mo mú báàgì Gánà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ti tú lésì ara àwọn áńgẹ́lì náà, wọ́n ń fi ṣe etí fìlà ọmọ tuntun fún oníbàárà kan. Wọn ò gbójú sókè. "Lọ dá báàgì yẹn padà," ni wọ́n wí. A ò dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Wàsíù mọ́.

Ayé ti yí padà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń wí. Ilé tó wà ní Itamaga ti fẹ́ẹ̀ gun ara wọn. Ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì kún ojú títì láti oṣù Òkítóbà, àwọn ọmọ mi ń fi fóònù rà á, wọ́n ń kó o sí ìdọ̀tí tí ọdún bá parí, wọn ò fọ nǹkan kan rí. A tún máa ń sọ pé ojú àwọn obìnrin ti là, pé kò sí ẹni tó lè ṣe ìyàwó òde òní bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ìyá wa. Èmi náà sọ ọ́ dáadáa, mo sì gbà á gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá sílé wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ yá kúlà ńlá tí mo fi ń kó oúnjẹ oníbàárà lọ sí òde ìnáwó. Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò sì pariwo. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, mi ò ní lè yá a." Ọkọ mi wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Mo rò ó pé lónìí ni mo gbẹ̀san páálí bísíkíìtì yẹn.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti gbọ́ ọ láti inú yàrá. Wọ́n jáde wá, wọ́n di ògiri mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀ sórí táìlì, pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ ni wọ́n kúnlẹ̀ fún.

"Màámi, ẹ dìde," ni mo wí.

Wọn ò wò mí. Ojú obìnrin náà ni wọ́n ń wò. "Ẹ bá mi dárí jì í, mà," ni wọ́n wí. "Èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa." Wọ́n wá dìde, wọ́n wọ kíṣíìnì lọ gbé kúlà náà fúnra wọn, wọ́n sì gbé e dé ẹnu géètì.